Òkè Ìkùukùu Lára Ògiri Ìyá Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àti ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ yín kò kọjá. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọbẹ̀ á jóná, ẹ ó sì ní èmi ni mo fà á. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já, kó di òpó mú. Èmi tí mo fi ojú ara mi rí i, títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, irun orí mi a máa dìde, bẹ́ẹ̀ irun náà kò tó nǹkan mọ́.

Èmi ni Ọdẹ́ronkẹ́, ọmọ ọdẹ Ìsàdó. Bàbá mi kò bí ọmọkùnrin, ó sì ní ìbọn kì í béèrè ọkùnrin, kì í béèrè obìnrin, ẹni tó bá lè gbé e ló ń dá lóhùn. Mo gbé e. Ẹkùn tó wà nínú igbó Ẹ̀gùdù, kó tó mu omi, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá Ọdẹ́ronkẹ́ ń bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí aláǹgbá ń lé jáde ní balùwẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi kejì, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn obìnrin tí ń kun ògiri ní Ìsàdó. Láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ọ̀dà inú agolo la fi ń kun ilé. Ẹfun la fi ń ṣe funfun, osùn la fi ń ṣe pupa, èédú fún dúdú, èlú fún àwọ̀ aró. Pákò tí a rún lẹ́nu títí tó fi rí bí irun, òun la fi ń fa ilà. Àwa tí ń kun ògiri kì í sì í ya ohun tí a kò rí. A ó lọ bá nǹkan náà níbi tó wà, a ó fi èédú yà á sára àkúfọ́ igbá, nígbà tí a bá délé la ó wá fi àwọ̀ gbé e sára ògiri. Nítorí náà, ìbọn ń bẹ léjìká mi ọ̀tún, àpò ẹfun àti osùn ń bẹ lósì. Ẹ fi ọdẹ kan hàn mí tó tún rí bẹ́ẹ̀.

Orí òkè ni bàbá mi ti fẹ́ ìyá mi wá, Òkè Ìkùukùu, tó wà lẹ́yìn igbó tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wọ̀ tí wọn kò jáde. Láti ọjọ́ tó ti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò padà débẹ̀ mọ́. Bàbá mi kú, ìyá mi darúgbó, ó wó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Kò jẹ, kò mu.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ẹ̀kọ díẹ̀."

Ó ní, "Kì í ṣe ikùn mi lebi ń pa. Ojú mi ni."

"Kí wá ni ojú ń jẹ?"

"Òkè ni. Mo fẹ́ rí òkè wa kí n tó lọ."

Kò sí bí a ṣe lè gbé e débẹ̀. Bí a bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà lásán, èémí rẹ̀ a máa já bí òwú tó ti gbó. Ìyá Ògúndípẹ̀, olórí àwọn obìnrin tí ń kun ògiri, fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ọdẹ́ronkẹ́, wá nǹkan ṣe. Ẹni tí ebi ojú bá pa kú, ojú rẹ̀ kì í dé. Inú ilẹ̀ ni yóò ti máa la ojú sílẹ̀."

Háà! Ìyá tó bí mi lọ́mọ, kó dùbúlẹ̀ nínú sàréè kó máa wo erùpẹ̀ títí láé? Mo ní bí ìyá mi kò bá lè lọ sí òkè, òkè ni yóò wá bá ìyá mi. Mo kó àkúfọ́ igbá sápò, mo ki ìbọn, ó di inú igbó.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́; ẹni tó bá rìn jìnnà, á rí abuké erin. Èmi rí ju abuké erin lọ. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ga ju ọ̀pẹ lọ, ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Bó ti ń bọ̀ wá bá mi, ẹ̀yìn ni ó fi ń rìn kó lè máa rí mi, igi sì ń wó lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Olójúmẹ́yìn ni mo pè é nínú ara mi.

Ó ní, "Ìwọ obìnrin tó gbé ìbọn kọ́ bí ẹni pọn ọmọ, dúró! Dá mi lóhùn kí n má baà fi ọ́ ta eyín. Kí ló jókòó sójú kan, tí gbogbo ẹni tó rí i ń gbé e lọ sílé, síbẹ̀ tí kò kúrò níbi tó wà?"

Mo họ orí. Mo ní, "Òkè ni. Gbogbo ẹni tó bá wò ó ló ń fi ojú gbé e lọ, síbẹ̀ kò ṣípò padà."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí tí kòkòrò fi ń bọ́ láti inú etí rẹ̀. "O gbà á, o sì ṣì í! Máa lọ."

Inú bí mi. Mo ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń gba àlọ́ tí yóò tún ṣì í?"

Ó ní, "Ìwọ tí ojú rẹ wà níwájú, iwájú ni kí o lọ bi í."

Mo kọjá. Mo já sí ìlú kan tí ohun gbogbo ibẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Ènìyàn wọn, eérú. Ewúrẹ́ wọn, eérú. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún mi, eérú, ata inú rẹ̀ náà eérú ni, bẹ́ẹ̀ ó ta mí lẹ́nu bí ata ilé. Nígbà tí àkùkọ wọn kọ, ó dà bí ẹni pé eruku ń bẹ lára ohùn rẹ̀. Ọba wọn ní kí n tú àpò mi wò. Mo tú u. Bí mo ti ṣí osùn báyìí, gbogbo ìlú ké, "Yéè!" Àwọn kan ṣubú lulẹ̀. Wọn kò rí pupa rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn.

Arúgbó kan bo ojú, ó ní, "Kí lèyí tó ń pariwo láìní ẹnu?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé e lórí. Bí ẹnu mi ti là sílẹ̀ tí mò ń wò wọ́n, obìnrin kan na ìka sí mi. "Ó wà lẹ́nu rẹ̀ náà! Ẹ wo ahọ́n rẹ̀! Ẹ yọ ọ́!"

Wọ́n gbá mi mú, wọ́n tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ẹni kan ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó di ẹnu lásán. Mo ní, "Kábíyèsí! Kí wọ́n tó yọ ahọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó wà lápò ta yín lọ́rẹ, èyí tó tọ́ sí ọba nìkan." Wọ́n dá mi sílẹ̀. Mo fi osùn kun imú Kábíyèsí.

Ọba rí imú ara rẹ̀! Ojú rẹ̀ méjèèjì ya wá sáàárín. Ó fẹ́ rí i dáadáa, ó dìde kó sún mọ́ ọn, imú náà sún síwájú. Ó tẹ̀ lé e, imú ń lọ. Ó tẹ̀ lé imú rẹ̀ jáde láàfin, àwọn ìjòyè tẹ̀ lé ọba, ìlú tẹ̀ lé àwọn ìjòyè, wọ́n gba ọ̀nà oko lọ. Èmi gba ọ̀nà kejì. Ọgbọ́n ju agbára. Ẹni tó bá lè fi imú gba ara rẹ̀ kalẹ̀, kó má ṣòfò ẹ̀tù ìbọn.

Báyìí ni mo ṣe dé Òkè Ìkùukùu.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkìtì etí ọjà nìkan, kí ni mo fẹ́ fi wé e fún yín? Ṣóńṣó rẹ̀ yọ lókè ìkùukùu bí orí ẹni tó ń wọ agbádá funfun tí kò tíì wọ̀ ọ́ tán. Koríko rẹ̀ pọ́n bí irun ọrùn kìnnìún, àpáta rẹ̀ dú bí ìdí ìkòkò. Omi kan ń já wálẹ̀ láti èjìká rẹ̀ òsì, ariwo omi náà sì wọ inú egungun mi. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù débi pé eyín mi ń bá ara wọn jà. Mo ní, "Abájọ!" Ẹni tó bá la ojú rẹ̀ síbí yìí, kí ló fẹ́ fi ògiri amọ̀ ṣe?

Mo jókòó lórí òkúta, mo yọ àkúfọ́ igbá, mo pọ́n èédú lẹ́nu. Igi àràbà kan dá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òun ni mo kọ́kọ́ yà. Mo ya ìdí rẹ̀, mo ya ẹ̀ka rẹ̀, mo ya àparò kan tí ń jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè kí n wo bí ewé rẹ̀ ṣe rí.

Kò sí igi.

Mo ní ìkùukùu ló bò ó. Mo dúró títí ìkùukùu fi ká. Kò sí igi, kò sí kùkùté, kò sí ihò tí wọ́n ti fà á tu. Ibẹ̀ funfun báláú bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun pa. Mo ní àárẹ̀ ọ̀nà ló ń ṣe ojú mi. Mo kọjú sí omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Bí mo ti fa ilà tó kẹ́yìn tán, ariwo omi dá wáí.

Ẹ gbọ́ mi o: ó dá wáí, bí ìgbà tí a fi ọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Àkúfọ́ igbá ọwọ́ mi di tútù. Mo wò ó. Omi ń kán láti ara rẹ̀, tó, tó, tó, sórí itan mi.

Èmi Ọdẹ́ronkẹ́ tí mo ti sùn sínú ihò tí erè ń gbé, mo ju igbá, mo ju èédú, mo fi ìdí wọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí ń rá. Àkúfọ́ àkọ́kọ́ wà nílẹ̀ níwájú mi. Àparò tí mo yà sára rẹ̀ gbé orí sókè, ó wò mí, ó tún tẹ orí, ó ń jẹ̀ lọ. Mo na àtàńpàkò, mo nu ẹ̀ka kan lára igi náà. Ẹ̀ka náà hàn padà lórí òkè, òun nìkan, ó ń mì dirodiro nínú òfìfo, kò ní ìtì, kò ní ìdí.

Ohun tí Olójúmẹ́yìn ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn! Òkè tí mo ní kò lè kúrò, ọwọ́ mi ló ti ń kó o.

N kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe tí mo fi gbọ́ ariwo. Àwọn obìnrin ló ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àmù lórí.

"Ta ló gbé omi wa?"

"Mo ti gbé àmù mi sábẹ́ rẹ̀, ó ti ń já sínú rẹ̀, mo kàn ṣẹ́jú ni!"

"Òun nìyẹn! Ẹ wo omi wa lórí itan rẹ̀!"

"Olè! Àwọn kan ń jí iṣu, àwọn kan ń jí ewúrẹ́, ìwọ wá jí odò? Níbo lo fẹ́ gbé e sí?"

Bí wọ́n ti yí mi ká ni mo wo ẹsẹ̀ wọn. Láti orúnkún dé ilẹ̀, ìkùukùu ni wọ́n. Wọ́n ń tẹ koríko, koríko kò tẹ̀. Mo wá rántí pé láti kékeré mi, a kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá mi nínú ilé, aṣọ tó ń ró sì máa ń gùn wọ́lẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mí, n kò mọ̀ ọ́n rí!

Olórí wọn dé, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ rí bí ewéko orí àpáta, Olókè ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. A ó ròyìn rẹ dé àgbàlá bàbá rẹ."

Mo sáré nu omi náà kúrò lára igbá. Omi bú jáde padà, ó gbá obìnrin kan tó dúró sábẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ tòun ti àmù rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín nínú ìbínú wọn. Mo lo àǹfààní ẹ̀rín yẹn, mo kúnlẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ ti Ẹfúnyẹmí tó dùbúlẹ̀ tó kọjú sí ògiri. Bí mo ti dá orúkọ náà, arúgbó kan la àárín wọn kọjá. Ojú rẹ̀, imú rẹ̀, àlàfo àárín eyín rẹ̀, ìyá mi gan-an ni! Mo rò pé ìyá mi ti kú, pé ó ti ṣáájú mi débẹ̀.

Mo figbe ta. "Ìyá mi! Ẹ kò dúró dè mí!"

Ó ní, "Ta ni ìyá rẹ? Òkèfúnkẹ́ ni mí, àbúrò Ẹfúnyẹmí. Ó ṣì wà láyé? Ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì ń ta bí ata?"

"Ó ṣì ń ta, Ìyá Kékeré."

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di orí mi mú mọ́ ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Olókè kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó wá fẹ́ kí òkè fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé e?"

Òkèfúnkẹ́ ní, "Olókè, ẹ máa bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí, lórí òkè yìí. Ojú tí ń ṣọ́ mi kí n má baà ṣubú sínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ebi ń pa yìí. Èmi dúró fún un."

Olókè mi orí pé òun gbà. Òkèfúnkẹ́ yíjú sí mi. "Ya gbogbo rẹ̀ lọ. Àwa àti ilé wa nìkan ni o kò gbọdọ̀ yà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti wò ó yó, fi omi nu ògiri náà, ohun gbogbo á padà wá. A ó pọnmi kún àmù wa, a ó jókòó dè ọ́ nínú funfun. Nínú funfun kò sí odò, kò sí koríko, kò sí ọ̀nà. Ohun tó wà nínú àmù la ó máa mu."

"Bó bá wá tán ńkọ́, Ìyá Kékeré?"

"Ìwọ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kó tán."

Mo yà. Mo kó ṣóńṣó, mo kó àpáta, mo kó omi, mo kó koríko. Nígbà tí mo parí tí mo wẹ̀yìn, orí mi fò lọ. Funfun láti ilẹ̀ dé ọ̀run, àwọn ènìyàn mi sì jókòó yí àmù ká láàárín rẹ̀, wọ́n kéré, wọn kò mira, bí èèrà tó bọ́ sínú ẹ̀kọ mímu. Òkèfúnkẹ́ gbé ọwọ́ sókè sí mi. Mo sáré.

Àkúfọ́ igbá tí mo gbé bí ìyẹ́ adìẹ lọ, bí ọlọ ló wúwo ní àbọ̀. Nínú igbó, Olójúmẹ́yìn béèrè pé, "Ọlọ́gbọ́n, ṣé òkè kò kúrò níbi tó wà?" Mo gbá igbá mọ́ àyà, mo gba abẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ sá kọjá.

Mo délé, mo bá ìyá mi láàyè. Mo po ẹfun, mo po osùn, mo rún pákò, mo dojú kọ ògiri tó kọjú sí. Bí mo bá ti gbé nǹkan kan láti ara igbá sára ògiri, igbá á mọ́ fo bí ẹni fọ̀ ọ́. Mo ń ya omi náà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Òsì! Èjìká òsì ni omi wa ti ń já! Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ yìí?"

Ìyá mi ló gbé orí sókè. Ẹni tí kò gbé orí láti ọjọ́ pípẹ́! Pákò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ìyá mi."

"Èmi kò kọ́ ọ ní jíjẹ́ afọ́jú. Nu ún, kí o gbé e sí òsì."

Nígbà tí mo parí, òtútù kún inú yàrá, ìkùukùu ń fẹ́ lábẹ́ ẹní, ògiri ń dún hùù pẹ̀lú ariwo omi. Àwọn ará ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ara wọn mú, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé. Ìyá mi nìkan ni kò bẹ̀rù. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ fún òun. Ó ń mu ún, ó ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín sí òkúta kan bí ẹni rí ọ̀rẹ́.

"Ibo ni ilé wa wà, Ọdẹ́ronkẹ́? Àárín yìí funfun. O kò yà á tán."

Mo ní, "Ìkùukùu ló bò ó, ìyá mi." N kò sọ fún un, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ ohun tí ìwòran náà ń ná àbúrò rẹ̀, báwo ni ojú rẹ̀ yóò ṣe yó? Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Bí mo bá ní, "Ìyá mi, ẹ ti wò ó tó," ìyá mi á ní, "Ó ku díẹ̀." Àwọn àmù yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi. Níkẹyìn, mo ní òní ni mo máa nu ún, kí inú bí i bó bá fẹ́ bí i. Mo lọ sódò pẹ̀lú korobá àti kànrìnkàn.

Mo múra de òjò, ìjì ló wọ ilé mi! Ní Ìsàdó, ẹni tó kun ògiri kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe é fún un, ìgbà tí kò bá sí nílé sì ni, kó lè wá bá a ní oríire. Wọn a se èèpo irúgbá, wọn a fi omi rẹ̀ pa ògiri náà láti òkè délẹ̀, wọn a fi òkúta odò ra á títí yóò fi máa dán. Ògiri tí omi irúgbá bá ti mu, òjò kò lè fọ̀ ọ́, ọwọ́ kò lè rẹ́ ẹ, àfi bí ilé bá wó.

Orin wọn ni mo gbọ́ láti ojúde. Mo wọlé. Ìyá Ògúndípẹ̀ àti àwọn obìnrin yòókù nìyẹn, ọwọ́ wọn pọ́n fún omi irúgbá dé ìgúnpá. Ìyá mi jókòó sáàárín wọn, ó ń gberin. Òkè Ìkùukùu ń dán lára ògiri bí ẹyinjú.

Ìyá Ògúndípẹ̀ ní, "Káàbọ̀, ọdẹ! Ṣé o rò pé a lè jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí wà ní gbígbẹ ni?"

Korobá bọ́ lọ́wọ́ mi, omi dà. Mo fò mọ́ ògiri, mo fi kànrìnkàn ha á. Kò rẹ́. Mo fa ọ̀bẹ ọdẹ yọ, mo fi ha á, ẹnu ọ̀bẹ ká kò. Mo fi èékánná ha á títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Ó ti ya wèrè! Ẹ dì í mú!"

Ìyá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọdẹ́ronkẹ́, kí ló dé?"

Mo wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti funfun, mo sọ ti àmù, mo sọ ẹni tó dúró fún wa.

Ó ní, "Òkèfúnkẹ́? Àbúrò mi ṣì wà láàyè?" Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

Ibi tí gbogbo wa dákẹ́ sí nìyẹn tí a fi gbọ́ ọ. Àárín ògiri ló ti wá, láti ibi funfun tí n kò yà. Ahá tí a fi ń bu omi ni. Ahá tí ń ha ìsàlẹ̀ àmù tó ti gbẹ. Kàràrà. Ó dákẹ́. Kàràrà. Ìyá Ògúndípẹ̀ ká ọwọ́ pupa lérí, ó bú sẹ́kún. "Yéè! Oore la rò pé a ń ṣe!"

Ìyá mi kò sunkún. Ó wo òkè náà láti ṣóńṣó dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń fi ojú dágbére fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé ọkọ́ wá."

Ìyá Ògúndípẹ̀ ní, "Ẹfúnyẹmí, ògiri tó gbé òrùlé ró nìyí. Ṣé o fẹ́ wó ilé ọkọ rẹ ni?"

"Ọkọ mi ti kú, kò ní béèrè. Àbúrò mi ń ha ìsàlẹ̀ àmù. Ẹ gbé ọkọ́ wá!"

Mo gbé e wá, mo fẹ́ gbé e sókè, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹni tí a kò lè gbé kọjá ẹnu ọ̀nà, ó dìde dúró, ó gbé ọkọ́ kọjá orí, ó sì sán an mọ́ ṣóńṣó òkè rẹ̀. Gbàgà! Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, ẹkùn kò bà mí lẹ́rù bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ògúndípẹ̀ gbá ọmọ odó mú, àwọn obìnrin yòókù gbé ohun tí ọwọ́ wọn bá, àwọn ọkùnrin ilé sáré fi igi ti òrùlé. Bí amọ̀ ti ń wó ni nǹkan ń bọ́. Àparò fò jáde, ó gba orí wa kọjá. Atẹ́gùn tútù ré gèlè lórí gbogbo wa. Omi bú ramúramù láàárín yàrá, ó la inú ilé kọjá láìta sí ẹnikẹ́ni lára, a sì gbọ́ bó ti ń lọ, tí ń jìnnà, tí ń jìnnà, títí tí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Òkìtì amọ̀ ló kù, àti ihò ràbàtà lára ilé, oòrùn ń wọlé. Ìyá mi jókòó sórí òkìtì náà, ó kọjú sí ihò. Ohun tó wà níta kò ju igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, àti ewúrẹ́ kan tí ń jẹ èèpo iṣu.

Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ ń wò?"

"Mo ń wò ó."

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, ìyá mi."

"Mo mọ̀. Ó ti délé. Òkèfúnkẹ́ ń pọnmi."

Mo ní, "Ṣé kí n pe àwọn tó máa tún ògiri mọ?"

Ó ní, "Ẹ má dí i." Ó ní kí n tẹ́ ẹní síbẹ̀. Mo tẹ́ ẹ. Ó dùbúlẹ̀, ó nà gbalaja. Ó di ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó di ti òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti wọlé tán. Bí èémí rẹ̀ ti dá, mo fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó dé ṣinṣin.

Ibi tí ojú mi bá a dé nìyí, ẹnu mi kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ẹ bu omi fún mi, ọ̀fun mi ti gbẹ.